Sukúrù Keje

Kí Láńre tó mọ ojú ọmọbìnrin náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀. Bàtà aláwọ̀ ewé ni, eruku pupa Ọ̀fà ti kùn ún ní gìgísẹ̀, etí yẹ̀rì aláró sì ń mì lẹ́lẹ́ lókè rẹ̀. Ìyókù ara rẹ̀, láti ìbàdí dé orí, wà nínú dúróòmù irin àlòkù tí Àṣàkẹ́ tó ń tà á gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rélùwéè. Ó tẹ̀ wọ inú rẹ̀ bí adìyẹ tó rí ọkà ní ìsàlẹ̀ odó.

Láńre kí Àṣàkẹ́ tán, ó nawọ́ sí dúróòmù. "Ìyá wa, ẹ tún ti ń ta ènìyàn mọ́ irin ni?"

"Tíṣà nìyẹn o," Àṣàkẹ́ dá a lóhùn lórí àpótí tó jókòó lé. "Bó bá wù ọ́ rà, ìyá rẹ̀ ni kí o lọ bá ná an."

"Mo ń gbọ́ yín o," ohùn kan dún láti inú dúróòmù, ó ń ró bí ohùn inú kànga.

Nígbà tó yọ orí síta, ìpẹtà irin ti fa ìlà kan láti orí imú rẹ̀ sọdá ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìbàmú fún. Kò mọ̀. Agolo mílíìkì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú bí ẹni tó he ẹyin awó. Láńre wo ojú, ó wo agolo, kò sì mọ èyí tí ọkàn òun sáré lọ bá nínú méjèèjì, nítorí ohun tó wà nínú agolo yẹn ni òun ti ń wá fún oṣù méjì gbáko.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ falẹ̀ díẹ̀ níbí. Ọláńrewájú ni orúkọ rẹ̀ lódindi, ọmọ Àjàní alágbẹ̀dẹ, ní Ìjagbo tí ọ̀kadà ń gbé ènìyàn dé láti Ọ̀fà kí ó tó jẹ ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ tán. Ilé arọ wọn ń rọ ọkọ́, ó ń rọ àdá, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọdẹ fi mọ̀ wọ́n ni ìbọn ṣakabùlà, ìbọn àtayébáyé tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Ọdẹ tó bá mú ìwé àṣẹ rẹ̀ dání nìkan ni Àjàní ń ṣe é fún, kò sì ń kánjú ṣe é fún ẹnikẹ́ni.

Ìbọn olórí ọdẹ Ìlémọnà ló wà nílẹ̀ lọ́dún náà. Igi rẹ̀ ti wà, irin ẹnu rẹ̀ ti wà, sukúrù ni kò sí. Láyé àwọn bàbá wa, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n ń là sórí sukúrù, gbọọrọ, bí ìbàmú. Lóde òní, sítáà ló gba ọjà, èyí tí wọ́n gbẹ́ àgbélébùú sí lórí. Àjàní ní òun kò fẹ́ ẹ. Ó ní irin sítáà ọjà rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ó tún ní ìbọn tí òun bá ṣe, ìlà orí gbogbo sukúrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹnu ìbọn, kí olówó rẹ̀ lè mọ̀ lójú kan bí ọ̀kan bá ti yẹ̀. Láńre wá onílà kan dé ọjà Ọwọ́dé, ó wá a dé Ìlọrin, ó wá a dé Òṣogbo. Èsì kan náà ni àwọn oníṣòwò ń fún un: "Bọ̀dá, sukúrù ni sukúrù."

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní fún ọmọbìnrin náà, "mélòó lẹ fẹ́ níbẹ̀?"

"Ọ̀kan ni. Ti ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi ló já. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mẹ́fà."

Ọmọbìnrin náà da agolo náà sí àtẹ́lẹwọ́. Sukúrù ara kọ́ọ̀ṣì rélùwéè àtijọ́ ni wọ́n, onílà kan, wọ́n wúwo, ìlà orí wọn kò jẹ. Àwọn méjèèjì forí kan orí, wọ́n kà á. Méje ni.

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run mọ ìṣirò!"

"Ọpẹ́ ni fún Un. Ṣùgbọ́n ẹ nu imú yín."

Ó nu apá ọ̀tún. Apá òsì ni ìpẹtà wà. Ó tún nu ìsàlẹ̀, ó fi kún un. "Ó ti lọ?"

"Rárá. Ẹ fi í sílẹ̀, ó yẹ yín."

"Dúpẹ́olúwa ni mo ń jẹ́," ó ní, "kí ẹ má baà lọ máa pè mí ní onímú ìpẹtà káàkiri Ọ̀fà."

Láńre mú sukúrù kan, ó yí i wò nínú oòrùn. "Eléyìí á nípọn jù fún ihò ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí ẹ bá gbà, màá wá bá yín wò ó nílé."

Àṣàkẹ́ pàtẹ́wọ́ lórí àpótí. "Mo ti sọ fún un ná! Mo ní ìyá rẹ̀ ni kó lọ bá!"

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni ilé wọn wà. Ìyá Dúpẹ́ ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì, opó ni, aṣọ akọrin ló ń rán. Ọjọ́ tí Láńre wọlé, ó jókòó sáàrin ogún aṣọ funfun bí ẹni tí ìkùukùu ká mọ́lé. Ìkórè ń bọ̀, ẹ̀rọ àfọwọ́yí tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un sì ti dákẹ́ láti ọjọ́ Ajé.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe? Àwọn tó ṣáájú rẹ fẹ́ ki sítáà bọ̀ ọ́. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ mi sílẹ̀."

"Mummy, ẹ̀yin àti bàbá mi á gbọ́ ara yín yé."

Bó ṣe wí ló rí, sukúrù rélùwéè nípọn jù. Kò fi ipá tì í wọlé. Ó yọ ọ̀kan lára pákó ìdí ẹ̀rọ náà, tó bá ihò òkè mu, ó sì fi ìṣó kékeré dí àlàfo ti ìdí. Lẹ́yìn náà ó ta epo sí i, ó tú gbogbo sukúrù tó kù, ó tún wọn dì lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì fi ọ̀kankan sílẹ̀ títí ìlà orí wọn fi kọ sí apá kan náà, bí ọmọ ilé ìwé tó tò láàárọ̀.

Ìyá Dúpẹ́ tẹ̀ síwájú, ó wò ó láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ ní irú èyí?"

"Bàbá mi ni, mà. Ó ní bí ìlà bá yẹ̀, oníǹkan á mọ̀ pé ọwọ́ kan ti kàn án."

"Ọlọ́run á dá bàbá náà sí fún ọ. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ ní sùúrù, ó ti kọ́ ilé." Ó yí ẹ̀rọ náà, ó dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, inú rẹ̀ dùn, àdúrà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó bu ọ̀dùnkún díndín fún Láńre kún àwo. Kò bi í léèrè irú irin tó ń rọ. "Iṣẹ́ irin" ló gbọ́, ó rò pé wẹ́dà ni. Láńre náà kò ṣàlàyé. Níbẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣàlàyé nígbà tí ọ̀dùnkún Ọ̀fà gbígbóná bá wà lẹ́nu?

Dúpẹ́ sìn ín dé ẹnu géètì, sukúrù keje lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ gbà, ẹ gbàgbé èyí."

"N kò gbàgbé. Mẹ́fà ni mo ń wá. Ẹ bá mi fi í pamọ́."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí ibi tó yẹ ẹ́ yóò fi yọjú."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ń wá ọ̀nà padà wá síbí ni."

"Ṣé ó hàn tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó hàn ju ìpẹtà imú mi lọ," ó ní, ó sì sáré wọlé kí ẹ̀rín tó tú u fó.

Ẹsẹ̀ tó bá ń tọ ibì kan lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ là á di ọ̀nà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí ilé ìwé bá ti jáde, ọ̀kadà Láńre á ti wà lábẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí géètì ilé ìwé tí Dúpẹ́ ti ń kọ́ ọmọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa ké pé, "Àǹtí, wẹ́dà yín ti dé!" Ojú á ti Dúpẹ́, inú rẹ̀ á sì dùn. Wọ́n á rìn lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n á jókòó sórí àga onípákó ibẹ̀, wọ́n á jẹ ọ̀dùnkún, wọ́n á máa sọ ohun tí kò ní láárí tí ó sì dùn létí wọn. Dúpẹ́ ń pè é ní Láńre mi. Láńre ń pè é ní Ìbàmú.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan ni Dúpẹ́ sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún un.

"Tíṣà Akínwándé ni wọ́n ń pè é. Láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì, tíṣà. Ní Sátidé, ọdẹ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí ìbọn ṣí mọ́ ọn lọ́wọ́. Iná ẹ̀tù gba ojú òsì lọ. Ó fi ojú kan tó kù gbé ọdún mẹ́jọ sí i kí àìsàn mìíràn tó mú un lọ, ọdún kẹrin rèé. Mummy kì í fẹ́ gbọ́ ìró ìbọn títí di òní. Alágbẹ̀dẹ tó ṣe ìbọn náà, a kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa. Èmi gan-an kò mọ orúkọ rẹ̀."

Ọ̀dùnkún ẹnu Láńre di òkúta.

"Dúpẹ́, èmi kì í ṣe wẹ́dà. Ìbọn ṣakabùlà ni èmi àti bàbá mi ń ṣe."

Ọmọbìnrin náà kò wò ó. Ojú irin ló ń wò, ibi tó ti tẹ́ lọ títí tó fi di ìlà kan ṣoṣo lókèèrè.

"Ìbọn tìrẹ ti fọ́ ojú ẹnì kan rí?"

"Rárá."

"Kí lo wá ń wá sukúrù káàkiri ìlú sí?"

"Kí ó má baà fọ́ ojú ẹnì kankan ni."

Dúpẹ́ dá ọ̀dùnkún ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó na ìdajì sí i. "Jẹun. Lọ́jọ́ Àìkú, a ó sọ fún Mummy. A kì í fi irọ́ ṣe ìpìlẹ̀ ilé."

Wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ìyá Dúpẹ́ ń fi ọwọ́ rán ọrùn aṣọ akọrin kan. Nígbà tó gbọ́ "ìbọn", ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìjagbo lo ní ilé yín wà, àbí? Ọmọ ta ni ọ́ níbẹ̀?"

"Ọmọ Àjàní ni mí, mà. Àjàní alágbẹ̀dẹ."

Obìnrin náà kò pariwo. Ó ká aṣọ akọrin orí itan rẹ̀, ó tún un ká, ó gbé e sórí tábìlì. Ìbá ṣe pé ó pariwo, ìbá sàn.

"Àjàní ló ṣe ìbọn tó fọ́ ojú ọkọ mi. Ó gbé adìyẹ wá kí wa ní ọsibítù, mo lé e padà tòun tadìyẹ. Dìde, ọmọ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lórí ẹ̀rọ yìí, n kò sì ní gba ọpẹ́ mi padà. Ṣùgbọ́n ọmọ Àjàní kò ní di àna mi níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́..."

"Dúpẹ́olúwa, ṣí ìlẹ̀kùn fún un."

Nígbà tí Láńre dé Ìjagbo, bàbá rẹ̀ ń fi fáìlì dán ẹ̀gbẹ́ irin kan. Ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fáìlì kò dúró.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe ìbọn Tíṣà Akínwándé?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é tó fi ṣí mọ́ ọn lójú?"

Fáìlì dúró. "Kí ni ìyàwó rẹ̀ wí?"

"Ó ní ẹ̀yin ni."

"Bó ṣe wí nìyẹn," Àjàní ní, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dán irin.

"Bàbá, láti kékeré ni mo ti mọ ọwọ́ yín. Ẹ kì í ṣe iṣẹ́ ìdàkudà. Bí ohun kan bá wà tí ẹ mọ̀, ẹ sọ ọ́. Ẹ wo ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ mi!"

Bàbá náà gbé fáìlì sílẹ̀ wàyí. "Láńre, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe tèmi. Wọ́n fi pamọ́ sí mi lọ́wọ́ ni. Ẹni tó fi í pamọ́ ti kú, a kì í sì í tú ẹrù òkú wò."

"Bó bá tilẹ̀ jẹ́ èmi ni yóò jìyà rẹ̀?"

Omi lé ròrò sójú Àjàní, ọkùnrin tí ẹ̀tapàrà iná kò mú sunkún rí. "Ibi tó ti ń dùn mí gan-an nìyẹn, ọmọ mi. Jọ̀wọ́, wá fínná fún mi."

Láńre di ẹwìrì mú, ó fínná. Kí ni ì bá tún ṣe? Bàbá ni bàbá.

Ọ̀sẹ̀ méje kọjá. Dúpẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù lẹ́ẹ̀kan péré. "Láńre mi, n kò ní sá tọ̀ ọ́ wá, nítorí ìyá kan ṣoṣo ni mo ní. N kò sì ní bá ẹlòmíràn lọ. Sukúrù rẹ wà nínú Bíbélì mi, nínú Ìwé Rúùtù. Ó ti ń ba ewé ibẹ̀ jẹ́." Láńre gbọ́ ọ títí tó fi mọ ibi tí ó ti mí kanlẹ̀ àti ibi tí àkùkọ ilé aládùúgbò ti kọ.

Ó parí ìbọn olórí ọdẹ Ìlémọnà. Sukúrù mẹ́fà, ìlà mẹ́fà, gbogbo wọn kọjú sí ẹnu ìbọn. Olórí ọdẹ náà fi ìka kan ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì súre fún Láńre pé aya rere yóò jẹ́ tirẹ̀. Láńre ṣe àmín, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìkórè kọjá. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, oòrùn ti ń mú díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà méjì dúró níwájú ilé arọ. Dúpẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí èkejì, ó gbé nǹkan gígùn kan tí a fi ògbólógbòó aṣọ akọrin wé sáyà bí ọmọ tuntun.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Láńre," ó wí. Ọdún méjìlá rèé tí kò ti bá a sọ̀rọ̀.

Àjàní dìde. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá Dúpẹ́. Láńre, gbé àga wá."

"N kò tíì ní jókòó." Ó gbé ẹrù náà lé orí owú tí wọ́n ń lu irin lé, ó sì tú aṣọ rẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà ni. Èéfín ti pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dúdú.

"Ogún aṣọ ni mo rán fún ìkórè," Ìyá Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀. "Bí mo bá ti tẹrí ba sórí ẹ̀rọ mi, ojú sukúrù mọ́kànlá ló ń wò mí, gbogbo wọn kọ sí apá kan bí ọmọ yìí ṣe tò wọ́n. Èmi ń bínú sí i, ìlà rẹ̀ kò bá mi bínú. Lánàá ni mo wá bi ara mi: ẹni tó kọ́ ọmọ ní sùúrù tó báyìí, báwo ni yóò ṣe fi ìkánjú ṣe ìbọn fún ọkọ mi? Mo gun àjà. Láti ọjọ́ tí mo ti dì í, n kò tú u wò rí."

Ó fi ìka ka sukúrù ara ìbọn náà. "Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Márùn-ún. Gbogbo wọn kọjú sí ẹnu ìbọn, ọwọ́ yín nìyẹn." Ìka rẹ̀ dúró. Sukúrù kẹfà ti tẹ̀ kọdọrọ, ó ti jẹ́ kí àwo irin tó bo ojú iná ṣí. Àgbélébùú ló wà lórí rẹ̀. Sítáà ni.

"Èmi ni mo rà á," ó wí.

Láńre gbọ́ bí èédú ṣe ń ta pàrà nínú iná.

"Èmi ni mo rà á, ní ọjà Ọwọ́dé. Bàbá Dúpẹ́ ní ọ̀kan nínú sukúrù ìbọn òun já sọnù nínú igbó, kí n bá òun ra onílà kan bọ̀. Ẹni tó ń tà á ní, 'Màmá, sukúrù ni sukúrù.' Mo rà á mọ́ iyọ̀ àti ìṣáná, mo sì gbàgbé rẹ̀. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, n kò jẹ́ kí sítáà débẹ̀. Mo lọ rà á fún ìbọn ọkọ mi. Bàbá Láńre, ṣé ẹ mọ̀?"

Àjàní wolẹ̀ títí. "Mo mọ̀. Ilé yín ni mo kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ náà, mo rí ìbọn náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wá lọ sí ọsibítù. Tíṣà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, 'Àjàní, mo kánjú ni. Ìyàwó mi ló bá mi ra sukúrù náà, kò mọ̀. Má ṣe jẹ́ kó mọ̀ láéláé, nítorí kò ní fojú kan oorun mọ́. Bó bá fẹ́ bínú, jẹ́ kó bínú sí ọ. Ṣé èjìká rẹ á gbà á?' Mo ní á gbà á. Bí mo ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ lẹ wọlé, tí ẹ lé mi padà tèmi tadìyẹ."

"Ọdún mẹ́jọ," Ìyá Dúpẹ́ wí, omi ń dà lójú rẹ̀ gbàrà. "Ọdún mẹ́jọ ló fi bá mi gbé lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò sọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Títí kan ọjọ́ tí a bá ń jà, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ sí i! Ọkùnrin yìí!"

"Mo bi í léèrè rí," Àjàní ní, "bóyá kò dùn ún. Ó ní ojú kan tó kù yẹn tó òun í wo ìyàwó òun."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sórí eérú ilé arọ, kò wo aṣọ ara rẹ̀. "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun, Bàbá Láńre. Ọdún méjìlá ni mo fi bínú sí yín, ẹ kò dá mi lóhùn. Ẹ forí jì mí."

"Ẹ dìde, aya Tíṣà. Ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí n dẹ́ṣẹ̀. Èmi ló yẹ kí n dúpẹ́. Ẹrù òkú ti sọ̀ lórí mi lónìí, kì í sì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́." Ó fà á dìde, ó gbọn eérú kúrò lára ìró rẹ̀. "Adìyẹ ọ̀hún kúkú padà wálé yé ẹyin. Òun ló bí gbogbo èyí tó ń jẹ̀ lẹ́yìn ilé yìí."

Ẹ̀rín bá ẹkún pàdé lójú Ìyá Dúpẹ́, kò sì mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ nù.

Nígbà náà ni Dúpẹ́ ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú Bíbélì jáde, ó ṣí Ìwé Rúùtù, ó sì mú sukúrù keje tó ti fi ojú ìpẹtà róbótó sílẹ̀ sórí ewé ibẹ̀. Ó nà án sí Láńre.

Láńre yọ sítáà tó tẹ̀ náà. Ó fi fáìlì pa ara ti rélùwéè díẹ̀, ó tún ihò ṣe, ó dán an wò, ó wọlé. Ó wá fi sukudíráfà sí Dúpẹ́ lọ́wọ́, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e.

"Yí i."

Ó yí i. "Ó ti le."

"Ìlà rẹ̀ kò tíì kọjú síbi tó yẹ. Díẹ̀ sí i. Rọra, Ìbàmú. Ó kù díẹ̀."

"Ìwọ yìí, ṣé ibi tó yẹ ẹ́ ti wá yọjú nìyí?"

"Ó ti yọjú."

"Sukúrù ni, àbí èmi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì," Láńre ní, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Bí Mummy bá lè gbà."

Dúpẹ́ yí i fún ìgbà ìkẹyìn. Ìlà kẹfà tò mọ́ márùn-ún, gbogbo wọn kọjú sí ẹnu ìbọn. Wọn kò gbé ọwọ́ kúrò.

Ìyá Dúpẹ́ ti ń wò wọ́n láti ìgbà náà. Ó fun imú rẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ohùn ọ̀gá ilé ìwé sì padà sí ọ̀fun rẹ̀. "Láńre, dí ẹnu ìbọn náà pa fún mi. Kò ní yìn mọ́ láyé. Bí o bá dí i tán, kí ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀ yín, níbi tí màá ti máa rí i bí mo bá wá."

Láńre wojú rẹ̀. "Mummy, pálọ̀ ta ni?"

"Pálọ̀ yín, mo ní. Àbí ẹ̀yin kò ní ní pálọ̀ ni?"

Láńre dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí eérú. Dúpẹ́ di ìyá rẹ̀ lọ́rùn mú.

"Dìde, má fi aṣọ nu ilẹ̀ fún bàbá rẹ," Ìyá Dúpẹ́ ní. Ó yíjú sí Àjàní. "Bàbá Láńre, ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ọmọ adìyẹ yẹn dání. Mo ti ṣe tán láti gbà á."

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akọrin sì wọ ogún aṣọ funfun wọ̀nyẹn. Àṣàkẹ́ jókòó níwájú, ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé inú dúróòmù òun ni wọ́n ti hú ìyàwó jáde.

Ìbọn náà wà ní pálọ̀ wọn ní Ìjagbo títí di òní. Bí Ìyá Dúpẹ́ bá wọlé, kì í kọ́kọ́ jókòó. Á lọ síbi ògiri, á fi ìka kan sukúrù kẹfà, á rí i pé ìlà rẹ̀ kò yẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wí jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ ṣeun, Bàbá Dúpẹ́." Á wá jókòó, á béèrè omi mímu.